Imú Ọ̀tún, Imú Òsì àti Kábúrétọ̀ Méjì ní Igbó Amíkanlẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi. Kí ẹni tó bá gbé iṣu kaná lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ ìdajì rẹ̀ ká tó dìde lọ wo ìkòkò. Èmi ni Ọdẹ́dìran, ọmọ Ọdẹ́wọlé tó bá ẹfọ̀n jà tí fìlà kò bọ́ lórí rẹ̀. Ẹ má wo irun funfun orí mi. Ìgbà tí ara mi dá ṣáṣá, bí mo bá sín lẹ́yìn odi, àwọn ìmàdò á bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún ara wọn. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan, mo sì ti rí igi ìrókò tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí, kò sí èyí tó kó ìtìjú bá mi tó sì tún gbé mi ga lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀rọ̀ kábúrétọ̀ méjì. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in lọ. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà rí ní ń fi ọdẹ ṣe yẹ̀yẹ́.

Alùpùpù mi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ̀ ọ́n: Awúkọ́rìn, ògbólógbòó alùpùpù tí fadá kan fi sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Kò rí bí àwọn kékeré òde òní tí wọn kò ní ju ọ̀fun kan lọ. Ọ̀fun méjì ni tirẹ̀, kábúrétọ̀ méjì ló sì ń fún un ní èémí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ìhà tirẹ̀. Síkúrúù kékeré kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tí a fi ń sọ bí yóò ṣe mí tó. Ó ti ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ kó tó dọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi ni mo wá fi kún un. Kí lẹ rò pé mo ṣe? Ọdẹ ni mí. Ọjọ́ tí mo bá pẹran ni mo máa ń rí i pé ayé ní ètò: itan fún àgbà, ọrùn fún àbúrò, ìfun fún ẹni tó pẹ́ dé. Mo wo kábúrétọ̀ méjèèjì, mo ní èwo ni àgbà níbí? Ọ̀tún ni. Ṣebí ọ̀tún la fi ń jẹun, ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù wá lọ. Mo bá tú síkúrúù ọ̀tún kó máa mí fàlàlà, mo sì fún ti òsì pa díẹ̀ bó ti yẹ àbúrò. Inú mi dùn. Mo ní mo ti kọ́ irin ní ìwà ọmọlúàbí. Láti ọjọ́ náà ni Awúkọ́rìn kò ti fún ìlú ní ìsinmi. Á wúkọ́, á sín, á fò bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún, sàlẹ́ńsà tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde á sì yìnbọn. Bí mo bá ṣì wà létí odò, gbogbo Ìdí-Apá á ti mọ̀. Àwọn obìnrin á ní, "Ọdẹ́dìran ti ń bọ̀ o, ẹ kó adìẹ wọlé."

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọ̀rẹ́ mi Ògúnwándé, tí a jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ bàbá mi, rí ìyàwó fẹ́. Ẹ má bi mí ní ọjọ́ orí rẹ̀. Eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ jìnnà síra débi pé wọn kò kí ara wọn mọ́. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú tipẹ́, aláǹgbá nìkan ló sì ń bá a gbé. Opó kan, Àwẹ̀ró aláró, tí àwọ̀ aró kì í kúrò ní ìka ọwọ́ rẹ̀, ló gbà láti fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Bàbá Ládòkun, àbúrò bàbá Àwẹ̀ró tó jẹ́ olórí ẹbí wọn, kò fẹ́ràn ọdẹ. Ó ní oyin ìdáná àwọn kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ṣúgà là. Oyin Igbó Amíkanlẹ̀ lòun fẹ́, agbè kan kíkún. Ó mọ ohun tó ń ṣe, torí ẹni tó bá wọ igbó yẹn kì í sábà jáde. Ó tún ní bí oòrùn ọjọ́ ìdáná bá wọ̀ tí ọkọ ìyàwó kò sí níkàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, nítorí Ògúnwándé ti já wọn kulẹ̀ rí: lọ́jọ́ ìtọrọ, odò kún, ó há sí oko, kò lè dé. Ọ̀rẹ́ mi wá jókòó sí iwájú ilé mi, ó ní, "Ọdẹ́dìran, mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ṣì kù nínú mi." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní kó gun ẹ̀yìn Awúkọ́rìn.

N kò ní fi ìrìn àjò dá yín dúró. Ẹnu igbó náà la ti pàdé Elétí-Ẹní. Ara rẹ̀ kò ju ti ọmọ tó ń rákòrò lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀! Ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ bí ẹní, ó sì fi ìkejì bora. Bí Awúkọ́rìn ti dé iwájú rẹ̀ tó yìnbọn nídìí, abàmì náà fò dìde, ó wé etí méjèèjì mọ́rí bí obìnrin tó ń wé gèlè, ó ní:

"Ta ló ń na ẹranko lójú ọ̀nà mi?"

Mo ní, "A ò nà án. Bó ṣe máa ń rìn nìyẹn."

"Irọ́ ni. Mo ń gbọ́ inú rẹ̀. Ẹ túmọ̀ àlọ́ mi kí ẹ tó kọjá. Àwọn méjì ń gbé ilé kan, wọ́n jọ ń ru ẹrù kan. Ọ̀kan yó, ó ń gbin. Ebi ń pa ìkejì, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ẹrù kò dé ibi tó ń lọ. Kí ni o?"

Mo yọ àyà síta. Ìgbà wo ni àlọ́ bá mi tì rí? Mo ní, "Ìyáálé àti ìyàwó ni!"

Ògúnwándé ní, "Rárá o. Ọdẹ àti ajá rẹ̀ ni."

Elétí-Ẹní rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi tú. "Ohun tí ẹ jókòó lé ni mò ń wí, ẹ̀yin ń wá a lọ sínú ilé yín! Ẹ máa kọjá. N kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rọra níwájú Amíkanlẹ̀ tó ni igbó yìí. Láti ìgbà tí baba ńlá yín ti ń rákòrò ni kò ti fojú kan oorun."

Inú bí mi. Ta ní í fi àlọ́ bú alùpùpù ẹni? A wọ inú igbó. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ṣe bí afẹ́fẹ́: á fà wá síwájú, á tún tì wá sẹ́yìn, gbogbo ewé á sì tẹ̀ sí apá kan náà. Mo rò pé òkè ló wà níwájú wa, àfìgbà tí òkè náà sín. Amíkanlẹ̀ ni! Orí kan ló ní, ojú kan gbàǹgbà láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n imú méjì ló wà lábẹ́ ojú náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹnu kànga. Imú ọ̀tún ń fa afẹ́fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, imú òsì ń sú fíì, fíì, bí ẹni tó ń fẹ́ná tó ti kú. Nítorí náà apá ọ̀tún rẹ̀ wú, apá òsì rẹ̀ rọ, ó ń rìn yípo lójú kan, ó sì ti fi ẹsẹ̀ gbẹ́ kòtò yí ara rẹ̀ ká. Ó na ọwọ́, ó fi ìka méjì mú Ògúnwándé bí ẹni tó ń yọ eṣinṣin nínú ọbẹ̀, ó gbé e sórí ẹ̀ka igi gíga kan.

"Ọmọ ènìyàn!" Imú ọ̀tún ló sọ ìyẹn bí àrá. "Kí lẹ wá ṣe?" Imú òsì ló parí rẹ̀ bí ẹ̀fọn.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Akínkanjú tó mọ ìgbà tó yẹ kóun dọ̀bálẹ̀ ló ń dàgbà. Mo ní, "Bàbá, oyin la wá wá. Ọ̀rẹ́ mi ló ń gbéyàwó."

"Oyin kò sí níbí. Oorun lèmi náà ń wá. Imú mi méjèèjì kò fẹnu kò. Bí ọ̀tún bá fẹ́ sùn, òsì á jí i. Mo sì gbọ́ ọ lóhùn ẹranko tí ẹ gùn wá pé ọ̀fun méjì ló ní. Ta ló ń tọ́jú rẹ̀?"

Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo ní, "Èmi ni! Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ ọ̀fun méjì tó mi láyé."

"Ó dáa. Jẹ́ kí imú mi máa mí pọ̀. Bí o bá ṣe é, máa mú ọ̀rẹ́ rẹ lọ. Bí o kò bá ṣe é, yóò dúró tì mí, yóò máa fi irùngbọ̀n rẹ̀ gbá imú mi títí ayé."

Láti orí igi, Ògúnwándé kígbe, "Ọdẹ́dìran, ọ̀la ni ìdáná mi o!"

Mo ṣe ohun tí mo mọ̀. Ọ̀tún ni àgbà. Mo tú àpò aṣáà mi, mo da èyí tó pọ̀ sí imú ọ̀tún, mo sì fi ìyókù tí kò kún èékánná kan imú òsì. Ẹ̀yin ará, imú ọ̀tún fà, ó fà, ó fà, fìlà mi bá a lọ, lẹ́yìn náà ló sín. Igi tí Ògúnwándé wà lórí rẹ̀ tẹ̀ kanlẹ̀. Nígbà tó máa nà padà, ó ju ọkọ ìyàwó sínú igbó ẹ̀gún. Èmi fúnra mi bá ara mi lórí òkìtì ọ̀gán. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Amíkanlẹ̀ ní, "O ti ba nǹkan jẹ́ sí i. Kọ́kọ́ tún ẹranko tìrẹ ṣe lójú mi. Màá gbé igbá omi lé e lẹ́yìn nígbà tó bá ń dún. Bí omi bá dà sílẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ ti di tèmi." Ó fa irun àyà rẹ̀ kan tu, ó fi so Ògúnwándé mọ́ gbòǹgbò igi.

Mo jókòó ti Awúkọ́rìn. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo délé, kí ni màá wí fún Àwẹ̀ró? Ògúnwándé kò tilẹ̀ bú mi. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń lá àpáta tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ní, "Oyin ló wà nínú ihò àpáta yìí. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n oyin gidi ni." Lóòótọ́, oyin díẹ̀ ti kán jọ síbẹ̀. A kò bi oyin léèrè ibi tó ti wá, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo mú rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara tí mo fi máa ń fa epo, mo ti ẹnu rẹ̀ kan bọ oyin náà, mo sì fà á. Bó ti dé àárín rọ́bà, Ògúnwándé yọ ẹnu kejì kúrò nínú ihò, ó fi í sẹ́nu ara rẹ̀, òun náà ń fà. Kò fẹ́ kí n jẹ ẹ́ tán. Mo fà, oyin sún sọ́dọ̀ mi. Ó fà, oyin padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwa àgbà méjì dojú kọ ara wa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa jìn wọlé, ojú wa yọ síta bí ti ọ̀pọ̀lọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Nígbà tó ṣe, ó rẹ̀ wá bákan náà. Oyin dúró sáàárín gedegbe, kò lọ sọ́dọ̀ mi, kò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo tu rọ́bà sílẹ̀, mo kígbe. "Ògúnwándé, ó ti yé mi! Ohun tó bá wà láàárín ni yóò máa sọ ẹni tó ń fà jù!"

Ó gbé oyin mì kó tó dá mi lóhùn. "Ta ló ń fa kí ni?"

Mo fọ rọ́bà, mo da òróró tí a fi ń nu ìbọn sí i, mo jẹ́ kí ikùn rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ kí òróró lè jókòó síbẹ̀. Ihò kékeré kan wà lọ́fun kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dé pa. Mo ṣí i, mo ki ẹnu rọ́bà kan sí ọ̀tún, mo ki ìkejì sí òsì, mo sì ta Awúkọ́rìn jí. Ó wúkọ́, ó sín, ó wá ń dún lójú kan. Òróró inú rọ́bà gbéra, ó sáré gun apá ọ̀tún bí ọ̀bọ tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀tún ló ń fa gbogbo èémí! Òsì kàn ń wò ó lẹ́nu ni. Mo mú ọ̀bẹ, mo fi ẹnu rẹ̀ kan síkúrúù ọ̀tún, ọwọ́ mi sì dúró.

Ògúnwándé ní, "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ dín ti àgbà kù."

"Dín ti àgbà kù kẹ̀! Ṣé bí bàbá rẹ ṣe kọ́ wa nìyẹn? Itan àgbà lo fẹ́ gé fún àbúrò?"

"Ṣé ìdáná lo fẹ́ lọ, àbí imú lo fẹ́ máa gbá?"

Ó ní, "Àgbà náà lè fi díẹ̀ sílẹ̀."

Mo fún síkúrúù ọ̀tún díẹ̀, mo tú ti òsì díẹ̀. Òróró sọ̀ kalẹ̀. Mo yí i jù, ó gun òsì. Mo dá a padà. Ìwọ tó ń tòògbé lẹ́yìn yẹn, jí kí o gbọ́ èyí: iṣẹ́ náà kò fẹ́ agbára. Ọwọ́ tí ẹ ń wò yìí ti lọ́ ìwo ẹfọ̀n rí, síbẹ̀ ohun tí síkúrúù yẹn ń fẹ́ kò ju bí ìyá ṣe ń yọ ìpin lójú ọmọ rẹ̀ lọ. Bí mo bá fọwọ́ kan ọ̀kan, mo ní láti tún yẹ ìkejì wò, nítorí ohun tí mo bá ṣe fún èyí ni ìyẹn náà ń gbọ́. Níkẹyìn òróró jókòó, apá méjèèjì dọ́gba. Ikọ́ Awúkọ́rìn dá. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gùn ún, n kò mọ̀ pé ohùn rẹ̀ gan-an nìyẹn: ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí ológbò lẹ́bàá ààrò. Omijé bọ́ lójú mi. Mo sọ fún ara mi pé ẹran là ń pín lọ́nà àgbà. Èémí kò mọ àgbà, kò mọ àbúrò. Amíkanlẹ̀ gbé igbá omi lé e lẹ́yìn, ẹ̀kán omi kan kò ta sílẹ̀.

"Ó kàn mí," ni Amíkanlẹ̀ wí, ó tú ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ kó wá ràn mí lọ́wọ́, ó sì dùbúlẹ̀.

Mo ki rọ́bà sí imú rẹ̀ méjèèjì. Òróró gun ọ̀tún kíá. Ṣùgbọ́n imú kò ní síkúrúù. Mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sínú imú òsì. Ẹ̀yin ènìyàn mi, afárá oyin ló kún ibẹ̀! Àwọn kòkòrò oyin ti kọ́lé síbẹ̀ láti ìran dé ìran, afárá lórí afárá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i pa. Èmi àti Ògúnwándé wo ara wa. A rántí ohun tí a jẹ nínú ihò àpáta. Ògúnwándé nu ẹnu, ó ní, "A ò ní sọ ọ́ fún Bàbá Ládòkun."

A fi èéfín ewé tútù lé àwọn kòkòrò náà sẹ́yìn. Ògúnwándé wọ inú imú, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù síta. Ó ń gé afárá, ó ń nà án sí mi, mo ń fún un sínú agbè tí a gbé wá, mo sì ń ṣọ́ rọ́bà. Bí agbè ti ń kún díẹ̀díẹ̀ ni òróró ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òróró dọ́gba, oyin kò tíì dé ọrùn agbè.

"Dúró!" mo kígbe. "Ó ti tó!"

"Ṣé agbè ti kún?"

"Kò kún."

"Kíkún ni Bàbá Ládòkun wí!" Ó gé ọ̀kan sí i.

Òróró fò lọ sí òsì. Imú òsì, tí kò rí afẹ́fẹ́ mí tẹ́rùn láti ìwáṣẹ̀, ṣí gbayawu, ó sì fà. Fìlà mi fò jáde láti inú imú ọ̀tún, ó kó sí òsì. Ewé, ẹyẹ, agbè, èmi, gbogbo wa ń lọ sínú ihò náà, ọkọ ìyàwó ló sì ṣáájú. Mo fi ọwọ́ kan di Awúkọ́rìn mú, mo ṣí epo fún un, mo fi ọwọ́ kejì di ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi mú. Alùpùpù náà kò wúkọ́, kò fò. Èémí méjèèjì jọ fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun ni kò sì jẹ́ kí a ṣì wà nínú imú yẹn di òní.

"Dá a padà!" mo ké. "Dá afárá yẹn padà!"

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún: "Ọdẹ́dìran, bí agbè ò bá kún, mo ti pàdánù ìyàwó mi!"

"Bí o bá kú síbẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò fẹ́ ẹ fún ọ?"

Mo wá gbọ́ bó ṣe tẹ afárá náà padà sáyè rẹ̀. Òróró sọ̀, ó jókòó. Afẹ́fẹ́ rọ̀. Gbogbo ewé igbó náà dìde dúró ṣánṣán. Amíkanlẹ̀ mí kanlẹ̀, imú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó di ojú rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì sùn. Kò tilẹ̀ dúpẹ́. A gbé agbè wa, a rọra gun alùpùpù, ìkùn rẹ̀ sì bá ìhanrun abàmì náà lọ ní ohùn kan, kò mọ ìgbà tí a jáde.

Iṣẹ́ náà ti jẹ òru kan mọ́ wa lọ́wọ́. Oòrùn ọjọ́ ìdáná ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí a rí òrùlé Ìdí-Apá. Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ikọ́ Awúkọ́rìn ni gbogbo ìlú ń retí. Àwẹ̀ró ti bẹ àwọn èèyàn láti àárọ̀ kí wọ́n má pariwo, kóun lè gbọ́ wa láti etí odò. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan. A dé ẹ̀yìn àgbàlá Bàbá Ládòkun, adìẹ kan kò sá. Bí a ti ń gbé alùpùpù ti ògiri la gbọ́ ohùn bàbá náà nínú àgbàlá.

"Àwẹ̀ró, mo ti wí fún ọ. Ẹni tó já ọ kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò tún já ọ kulẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀. Kò sí ọkọ, kò sí oyin. Lọ bọ́ aṣọ yẹn."

Ògúnwándé wo agbè tí kò kún. Ó yí padà, ó fẹ́ máa lọ. Mo di apá rẹ̀ mú.

Àwẹ̀ró dáhùn, kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin lẹ béèrè oyin. Èmi ò béèrè oyin. Bó bá rìn wọlé lọ́wọ́ òfo báyìí, mo ti gbà. Bó bá sì jẹ́ pé igbó ti gbé e mì nítorí oyin yín, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa gbé inú ilé yìí, a ó jọ máa wo ara wa. Mi ò ní bọ́ aṣọ kankan."

Lẹ́yìn ògiri, Ògúnwándé bú sẹ́kún, ọkùnrin tí ìmàdò ti ya lẹ́sẹ̀ rí tí kò ké. Mo tì í. Ó kọsẹ̀ wọ àárín àgbàlá, oró kòkòrò oyin ti dí i lójú kan, ewé ẹ̀gún wà nínú irun rẹ̀. Àwẹ̀ró dìde. Ó mú etí aṣọ ìdáná rẹ̀, ó ń fi nu ojú ọkùnrin náà lójú gbogbo àgbà, ohun tí obìnrin ilẹ̀ wa kì í ṣe ní gbangba. Bàbá Ládòkun wò wọ́n, ó wo oòrùn, ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tẹ́ ẹní. Èmi nìkan ni mo ṣì dúró lẹ́yìn ògiri tí mo gbé agbè oyin dání, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè rẹ̀.